Tájù àti Ilẹ̀ Gbígbóná Pálọ̀ Alhaja

Kò sí ohun tí Tàjúdéènì ò mọ̀ ọ́n ṣe. Àìsàn tó ń ṣe é nìyẹn, kò sì sí ilé ìwòsàn kan ní gbogbo Toronto tó lè wò ó sàn. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìfọṣọ yín dákẹ́, Tájù ti tún irú ẹ̀ ṣe rí. Bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ wọ bàálù lọ sílé, Tájù á júwe ọ̀nà tó yá ju èyí tí awakọ̀ bàálù mọ̀ lọ. Páálí ló ń tò jọ níbi iṣẹ́ ní Rexdale, ṣùgbọ́n "Engineer" ló fẹ́ kí ayé máa pe òun, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ kí àlàáfíà lè jọba.

Ní ọdún tó kọjá, òun àti Nàfísàt ìyàwó rẹ̀ ra ilé tuntun ní Whitby, ilé tí òórùn ọ̀dà ò tíì kúrò lára ògiri ẹ̀. Tájù ra wáyà tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ kó lè máa gbóná, ó tẹ́ ẹ sí bálùwẹ̀, ó to táìsì lé e. Ó ṣiṣẹ́. Ká ní kò ṣiṣẹ́ ni, ì bá dára fún gbogbo wa. Láti ọjọ́ náà, bálùwẹ̀ ni Tájù kọ́kọ́ ń mú àlejò lọ. Ẹni tí ìtọ̀ ò gbọ̀n pàápàá á bọ́ ìbọ̀sẹ̀, á dúró lórí táìsì, á sì yin Tájù dáadáa kí wọ́n tó gbé omi fún un.

Àwọn èèyàn wa ní àsàlátù kan tí wọ́n máa ń ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, láti ilé dé ilé. Bàbá Àdínì wọn ti kó lọ sí Calgary, oyè náà sì ṣófo. Ó wu Tájù débi pé tó bá dá wà nínú mọ́tò, á máa kí ara ẹ̀: "Bàbá Àdínì, ẹ kú ìrìn o." Á sì dá ara ẹ̀ lóhùn.

Ẹni tí ẹnu ẹ̀ ká ọ̀rọ̀ oyè yìí ni Alhaja Shukurat, Ìyá Àdínì, opó kan tí ilé wọn wà láàárín Toronto. Pálọ̀ wọn fẹ̀, ṣùgbọ́n òtútù ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń wọ eékún àwọn àgbà tí wọ́n bá jókòó ṣe lásìmọ́ọ̀, ìyẹn ìrántí Ọlọ́run alápapọ̀. Lọ́jọ́ tí Alhaja ráhùn nípa ẹ̀, Tájù rí ọ̀nà oyè kedere.

"Mummy, ẹ fi sílẹ̀ fún mi," ló wí. "Àsàlátù tó ń bọ̀ nílé yín, ẹsẹ̀ lásán ni gbogbo wa máa fi kírun."

Alhaja ní ilé àwọn ti wà kí Nàìjíríà tó gba òmìnira, ṣé ohun tó bá ilé tuntun mu máa bá irú ẹ̀ mu?

"Mummy, iná kì í bèèrè ọjọ́ orí. Ilé ń jẹ́ ilé."

Ohun kan ṣoṣo ni Alhaja kọ̀ fún un. Wọn ò ní jẹ́ kó hú pákó ilẹ̀ pálọ̀, torí ọwọ́ ara ẹ̀ ni ọkọ wọn fi ń dán an kó tó di olóògbé. Tájù ní kò sí wàhálà, òun á gba ìsàlẹ̀ ṣe é. Bésímẹ́ǹtì ló wà ní ìsàlẹ̀ yẹn, Sàlísù ló sì háyà á, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń tọ́jú àwọn arúgbó lálẹ́, tó ń sùn lọ́sàn-án. Tájù já àjà orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó kan wáyà mọ́ abẹ́ pákó láti igun dé igun. Alhaja ní oníṣẹ́ iná gidi ló gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ mọ́ iná ilé. Oníṣẹ́ iná náà wá, ó so ó, ó lọ. Tájù ní òun dúró tì í kó má baà ṣàṣìṣe.

Nàfísàt wá ràn án lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. Ó rí fóòmù pẹlẹbẹ tó wà nínú páálí wáyà, tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn.

"Bàbá Hikmat," ló wí, "ṣé kì í ṣe abẹ́ wáyà yìí ló yẹ kí fóòmù yẹn wà kó lè ti ooru sókè? Nígbà tá a lọ wo ilé wa tí wọ́n ṣì ń kọ́ ọ, mo rí i tí wọ́n tẹ́ irú ẹ̀ sísàlẹ̀ kí wọ́n tó da kankéré."

Tájù rẹ́rìn-ín bíi pé ọmọdé ló sọ̀rọ̀. "Ṣé àjà ló fẹ́ sùn ni? Eékún àwọn àgbà ló nílò fóòmù."

Bó ṣe pa àjà dé nìyẹn láìfi nǹkan kan sí i. Ó gbé fóòmù lọ sókè, ó tẹ́ ẹ lé orí rọ́ọ̀gì méjì tí Alhaja ti ní, torí àwọn ìyá wa kì í gbé rọ́ọ̀gì dànù. Lórí fóòmù yẹn ló tún wá tẹ́ rọ́ọ̀gì pupa tuntun tí òun fúnra ẹ̀ fi ta àsàlátù lọ́rẹ, èyí tó ki débi pé ẹsẹ̀ máa ń rì sínú ẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tan iná, ó fọwọ́ kan àjà Sàlísù láti ìsàlẹ̀. Ó gbóná. Ó ṣe alhamdulillah. Kó tó máa lọ, ó ti irin amúlégbóná tó wà lára ògiri pálọ̀ pa, ó sì yọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣí i sápò, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé irin ló mú ilé gbóná.

Yìnyín ń já bọ́ ní àárọ̀ Sunday. Tájù dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò Ghana-must-go, ó ń gba ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń bọ́ bàtà. Ó ní kí ẹsẹ̀ wọn wá jẹ́rìí. Ó ti gbé láwàní oyè nínú nylon fún Alfa Zakariyya tó ń ṣáájú wọn nínú àdúrà, èyí tó fẹ́ kí wọ́n wé fún òun lọ́jọ́ náà, funfun, gígùn, òun ló rà á fúnra ẹ̀. Ó sọ àpò ìbọ̀sẹ̀ sínú búùtù mọ́tò, Nàfísàt sì wa mọ́tò náà lọ sí Rexdale láti lọ gbé oúnjẹ wá.

Lásìmọ́ọ̀ ò tíì lọ jìnnà tí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ kan pa èkejì. Àwọn ìyá ká ẹsẹ̀ sábẹ́ hìjáàbù. Alfa Zakariyya, tí àdúrà ẹ̀ máa ń gùn débi tí ọmọdé á fi sùn tí á sì jí, ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ gbàdúrà kúkúrú láti ìgbà tá a ti mọ̀ ọ́n.

"Tájù, ilẹ̀ yìí mà tutù," ni Alhaji Mukhtar wí, àgbà tó dàgbà jù níbẹ̀.

Tájù nawọ́ sí ẹ̀rọ kékeré ara ògiri tó ń wọn ooru, tí wáyà ẹ̀ lọ sí abẹ́ pákó. Ó ní kí Bàbá wò ó, ẹ̀rọ náà ní ilẹ̀ ti gbóná dáadáa, ẹ̀rọ ò sì lè purọ́. Ó ní ilé àgbà ni, díẹ̀díẹ̀ ni ooru á máa gòkè.

"Mo ṣe bí o ní iná kì í bèèrè ọjọ́ orí," ni Alhaja wí jẹ́jẹ́.

Wọ́n ní kí wọ́n ṣí irin amúlégbóná. Kò sí ọwọ́ tí wọ́n á fi ṣí i. Tájù yẹ àpò wò, ó wá rántí pé inú mọ́tò ló jù ú sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọ̀sẹ̀. Wọ́n pe Nàfísàt, ó ní yìnyín ti dí ọ̀nà, òun ń bọ̀. Àwọn kan ń wo bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń wo ìbátan tó wà lókè òkun, ṣùgbọ́n ta ló máa wọ bàtà gun orí rọ́ọ̀gì ìkírun? Ẹsẹ̀ Tájù fúnra ẹ̀ ti kú tipiri, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lórí ẹ̀.

Nígbà tí eyín Alhaji Mukhtar bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn, Alfa Zakariyya wá aṣọ kiri, kò rí. Ó wá tú nylon ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó fa láwàní funfun yọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wé e mọ́ ẹsẹ̀ bàbá arúgbó náà, ọ̀tún kọ́kọ́, kó tó kan òsì. Ọkàn Tájù ń fà ya bí láwàní náà ṣe ń yí po.

"Alfa, ohun tá a ra ìyẹn fún..."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Alfa wí, kò gbójú sókè.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn bésímẹ́ǹtì ṣí. Sàlísù ló jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò pénpé ló wọ̀, táwẹ́ẹ̀lì wà lọ́rùn ẹ̀, òógùn sì ń ṣàn lójú ẹ̀. Ó bá ogún èèyàn nínú kóòtù, ẹsẹ̀ gbogbo wọn lásán.

"Mummy, ẹ má bínú o," ló wí. "Ẹ dákun, ẹ bá mi dín ooru yẹn kù. Mo ti ṣí window, mo ti tan fan, I no fit sleep. Orí bẹ́ẹ̀dì mi ń gbóná bí ìdí ààrò láti ìgbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Tájù. Ojú tì í débi pé ì bá wọlẹ̀ lọ, ká ní kò tẹ́ fóòmù àti rọ́ọ̀gì lé e tó bẹ́ẹ̀. Alhaja dìde, wọ́n mú ọ̀pá wọn, wọ́n gba ilẹ̀kùn bésímẹ́ǹtì, gbogbo àsàlátù sì tẹ̀ lé wọn sọ̀ kalẹ̀. Àwọn méjì gbé Alhaji Mukhtar. Ooru ibẹ̀ dùn débi pé àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà fún Sàlísù, pé ilé ẹ̀ ò ní tutù láé, ẹni tó sì wá ráhùn ooru ń ṣàmín láìnífẹ̀ẹ́ sí i.

Ibẹ̀ ni Nàfísàt bá wọn, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ kan, àpò ìbọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ kejì. Ó wojú ọkọ ẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí kọ̀rọ̀, orí ẹ̀ ṣófo. Ó bẹ̀rẹ̀ sétí Alhaja, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti wé láwàní náà.

Alhaji Mukhtar ló gbọ́. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, funfun báláú.

"Wọ́n ti wé e, ọmọ mi," ló wí. "Ó sì bá mi mu."