Ọjọ́ tí a wá ọkùnrin inú ìwé dé Ẹ̀pẹ́

Fọlákẹ́ Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ọlálọmí, ọmọ abíṣujóòkọ, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ìyàwó mi. Ọjọ́ tí a jọ lò kò níye, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi: ọjọ́ tí mo fẹnu ara mi dá wàhálà sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Ìwé ìtàn kan ló fà á. Àbẹ̀kẹ́ rà á ní Ìtámàgà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta àlòkù. Èèpo rẹ̀ ti já, àwọn ewé tó kẹ́yìn náà ti já. Ìwé mẹ́fà lèmi kà níléèwé, kíkà ò sì yá mi lẹ́nu, nítorí náà òun ló ń kà á sí mi létí. Apẹja kan tó ń jẹ́ Lásísì, ará Ẹ̀pẹ́, ni ìtàn náà dá lé. Ó níyàwó nílé, ó tún fi ọ̀kan pamọ́ sí Èjìnrìn. Ìjì bá a lórí ọ̀sà, ọkọ̀ dojú dé, ibẹ̀ ni ewé tán sí. Àbẹ̀kẹ́ ò jẹun alẹ́. Ó ní àfi ká lọ béèrè bóyá ọkùnrin náà padà wálé. Mo ní inú ìwé ni. Ó ní ṣé inú ìwé ni Ẹ̀pẹ́ náà wà.

Ilẹ̀ mọ́, a wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, a wọkọ̀. Ní ọjà ẹja, ìyá kan tó ń jẹ́ Ṣìfáwù ní Lásísì pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ ọ̀kan wà tí ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé nígbà kan. Ó mú wa délé ọkùnrin náà. Bí Àbẹ̀kẹ́ ṣe rí bàbá náà, ó kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́ pé omi ò gbé e lọ. Bàbá rò pé ọmọ àwọn tó fà á yọ lómi ni. Ó ní kí ìyàwó òun, Alájà Sàlámátù, gbé oúnjẹ wá.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti panu mọ́. Ṣùgbọ́n ẹja yẹn dùn, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èmi náà gbọ́ ìtàn dáadáa.

Mo ní, "Bàbá, ìyàwó yín ti Èjìnrìn ńkọ́? Ṣé àlàáfíà ni wọ́n wà?"

Bàbá Lásísì rọra gbé ife omi sílẹ̀. "Ta ló sọ fún yín?"

Ká ní ó ní irọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Alájà yíjú sí i díẹ̀díẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ sáré fa ìwé yọ nínú báàgì, ó ní, "Ẹ má bínú, Alájà, inú ìwé la ti kà á."

"Ẹ wá gbọ́," ni Alájà wí. "Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Gbogbo ayé ti kà á tán, èmi tí mò ń sebẹ̀ fún un ni mi ò gbọ́."

Ó gbé abọ́ ẹja kúrò níwájú mi, ó wọ ilé ìdáná, ó mú ọmọrogùn jáde. A ò dúró wo ẹni tó fẹ́ fi nà. Bàtà mi ẹsẹ̀ òsì wà níbẹ̀ dòní.

Nínú ọkọ̀, Àbẹ̀kẹ́ kọjú sí fèrèsé títí a fi dé Ìmọ́tà. Mo rò pé mo ti bà á jẹ́ fún un, pé kò ní mọ bí ìtàn rẹ̀ ṣe parí mọ́ láé. Ìgbà tó yá, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni.

Ó yíjú sí mi, ó ní, "Bàbá Délé, ó padà wálé o. Omi ò pa á. Ó ku Alájà."

Ó fi bírò kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ewé tó gbẹ̀yìn, a sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ò ju pé, bí wọ́n bá gbé ẹja fún mi nílé onílé, ẹja ni kí n jẹ. Ọ̀rọ̀ náà tún pa mí lẹ́rìn-ín láàárọ̀ yìí, mo sì yíjú láti sọ fún Àbẹ̀kẹ́. Sátidé tó kọjá la sin ín.