Ẹ̀jẹ̀ Tó Ga Tó ti Oògùn Ọ̀fẹ́

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá Mùkáílà, tó ń ta ṣájà fóònù ní Circle nílùú Accra, fínra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yan wọ ṣọ́ọ̀bù oògùn Raqeebah ní Alajo bí ẹni tó fẹ́ gba oyè. Ọmọ Anago, ìyẹn Yorùbá ilẹ̀ Gánà, tí wọ́n bí sí Accra ni Raqeebah. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ohùn rẹ̀ ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó gòkè àti ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ rédíò? Wọ́n ń jiyàn bóyá kí ìjọba máa fún àwọn tí àìsàn wọn kì í lọ ní òógùn ọ̀fẹ́."

"Òógùn?" Mùkáílà nu iwájú orí. "Inú ọkọ̀ tròtrò tó kún fọ́fọ́ ni mo ti ń bọ̀, ọmọ mi. Èyí tí mo ní ti tó mi."

"Rárá, ogún. Ogún ni mo ní lọ́kàn."

"Ta ló kú?"

Raqeebah gbé páálí oògùn kan sókè, ó mì ín, ó bọ́ sí Twi. "Aduro. Aduro ni mo ń wí."

"Ẹn-ẹ́n. Ṣé o rí i bó ṣe dùn tó tí èèyàn bá sọ Yorùbá tó já gaara?" Mùkáílà fa àga, ó jókòó. "Ìyẹn gan-an ló gbé mi wá. Kí ni wọ́n ń jiyàn lé lórí?"

"Àwọn kan ní ìjọba kò lágbára rẹ̀."

"Ṣé ẹ̀jẹ̀ àwọn yẹn ń ru?"

"N kò mọ̀."

"Kí wọ́n máa jiyàn lọ, yóò ru." Ó na apá. "Bá mi wọn tèmi wò, bóyá ó ti ga tó."

"Tó kí ni?"

"Tó ti ọ̀fẹ́."

Raqeebah wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá. Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, ojú rẹ̀ yí padà. "Bàbá, ẹ̀jẹ́ yín ga gan-an."

"Kò ga. Àkùkọ kan péré ni mo ṣèlérí pé n ó pa."

"Èyí tó ń ṣàn lára ni mo ń wí. Ṣé ẹ ń lo aduro yín?"

"Mo ti dá aduro dúró. Bí mo bá ń lò ó, ara mi á yá. Bí ara mi bá yá, wọ́n á ní n kì í ṣe aláìsàn, tọ̀fẹ́ á kọjá mi lọ. Mo tilẹ̀ ti bẹ Lèmọ́mù kó sinmi àdúrà ìwòsàn ná."

Raqeebah kò rẹ́rìn-ín. "Àìsàn yìí kì í lọ, Bàbá. Aduro ló ń jẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Bàbá tó bí mi dá a dúró bẹ́ẹ̀. Ó jí lọ́jọ́ kan, apá ọ̀tún rẹ̀ kò gbéra mọ́."

Mùkáílà wo apá ọ̀tún tirẹ̀. Ó ká a kò, ó nà án, ó tún ká a kò. Ẹ̀rù bà á, àmọ́ kò fẹ́ kó hàn.

"Fún mi lómi."

Ó yọ oògùn rẹ̀ nínú àpò, ó gbé e mì. Raqeebah ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kó lè sìn ín lọ sọ́sibítù.

"Tí ìjọba bá wá gbà," Mùkáílà bi í lójú ọ̀nà, "ṣé wọ́n á fún ìyàwó mi náà? Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ń ru."

"Bó bá ń ru, wọ́n á fún un. Ẹ má kàn rò pé ẹ̀yin lẹ kó o ràn án. Kì í ràn."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun kò ní in kí òun tó fẹ́ mi."