Bí Mo Ṣe Fi Kọ̀ǹpútà Dá Òjò Padà sí Èkìtì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò tíì tán lọ́kàn mi, kò sì jọ pé ó máa tán. Ọjọ́ náà ni mo pàṣẹ fún òjò lójú gbogbo àdúgbò ní Ìbòkun, tí òjò ò sì dá mi lóhùn.

Ọ́fíìsì kan tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Òṣogbo, yàrá kan ni mo sì gbà ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n kó wa jọ, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ wa bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà wo ojú ọjọ́. Lọ́jọ́ kìíní, wọ́n fi àwòrán ìkùukùu tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè hàn wá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń gbé àwòrán rédà lé e, ìyẹn èyí tó ń fi ibi tí òjò ti ń rọ̀ gan-an hàn. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n kọ́ wa ní ìlà ìrìn ìjì, èyí tí wọ́n ń gbé lé orí méjèèjì. Kí n má purọ́, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìlà yẹn ni mo gbọ́ pé mítípáì ti fẹ́ tán níta, mo sì jáde. Ìgbà tí mo padà wọlé, sátífíkéètì ni wọ́n ń pín.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà ní Ìbòkun, Màmá Ìbòkun la máa ń pè wọ́n. Ọkọ wọn ti kú lọ́dún tó ṣáájú, oko kòkó tó fi sílẹ̀ ló wà lọ́wọ́ Màmá. Àmọ́ Bàbá Ṣeun, àbúrò ọkọ wọn, ti ń sọ nínú ẹbí pé obìnrin ò lè dá kòkó bójú tó, pé bí kòkó ọdún yẹn bá bàjẹ́, àwọn á gba oko náà fún ẹlòmíì. Ọjọ́ Sátidé yẹn gan-an ni wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wo kòkó náà, kó tó di pé wọ́n gbé e lọ fún àwọn tó ń rà á ní Iléṣà. Gbogbo ẹ̀ ló yé mi dáadáa. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé kọ̀ǹpútà mi, kí n wọ mọ́tò lọ sí Ìbòkun láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé mò ń lọ ran Màmá lọ́wọ́.

Mo bá kòkó lórí ẹní níwájú ilé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, ó ń dún woroworo bí Màmá ṣe ń fẹsẹ̀ tú u. Mo jókòó sórí àpótí, mo ṣí kọ̀ǹpútà, mo so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù mi, àmọ́ oòrùn ò jẹ́ kí n rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí ọ̀rá ńlá tí Màmá fi ń bo kòkó bí òjò bá ń bọ̀, tí wọ́n ká síbi ògiri. Mo bá tú u, mo so igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ òpó mẹ́rin tí mo rì mọ́lẹ̀, mo fi ṣe ibòji fún ara mi. Èmi tí okùn bàtà mi máa ń tú lójú ọ̀nà lójoojúmọ́, ọjọ́ yẹn ni mo wá mọ okùn so.

Mo gbé àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra. Ìkùukùu funfun wà nísàlẹ̀, òjò rédà pupa wà lórí ẹ̀, ìlà ìjì wà lókè pátápátá. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn ún wò. Ààmì róbótó kan wà nítòsí ààlà wa pẹ̀lú Èkìtì, ìlà gígùn kan sì jáde lára ẹ̀, ó wọ inú Èkìtì lọ. Mo mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo ní ìjì ńlá kan wà nítòsí lóòótọ́, àmọ́ Èkìtì ló ń lọ, kí Màmá fọkàn balẹ̀.

Màmá ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí àwọn, apá Èkìtì ni òjò ńlá ti máa ń wá, àwọn ò tíì rí èyí tó ń lọ síbẹ̀ rí. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Mo tiẹ̀ ní kí wọ́n gbé àpò méjì tó wà nínú ilé, èyí tí kò tíì gbẹ tó, jáde, ká sá a pọ̀ mọ́ tìta. Wọ́n wò mí títí, àmọ́ wọ́n gbé e. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti fi mí yangàn ládùúgbò pé ọmọ àwọn mọ̀wé, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ bá mi jiyàn.

Nígbà tó yá, atẹ́gùn yí. Àwọn ará ilé kejì bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní wọn. Màmá ní ká kó tiwa náà, mo ní atẹ́gùn tí ìjì fi ń dágbére nìyẹn. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Ibo ni mo ti rí i kà? Wọ́n tún ní ká kó o, mo tún tọ́ka sí kọ̀ǹpútà. Ojú ọ̀run ti ṣú lápá Èkìtì nígbà tí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, àmọ́ mo ti kọ̀yìn sí ojú ọ̀run gidi, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni mò ń wò.

Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sórí ọ̀rá, ó dún gbà. Kí n tó sọ pé ẹyọ kan ni, ó ti dà. Màmá ń bèèrè ọ̀rá, ọ̀rá sì wà lókè orí mi. Mo sáré dé ibi kókó okùn àkọ́kọ́, kò tú. Mo fi eyín fà á, kò tú. Ìjì wọ abẹ́ ọ̀rá, ó fa òpó méjì tu, gbogbo ẹ̀ wó lù mí, mo wá ń jà nínú ẹ̀ bí adìyẹ tí wọ́n fi apẹ̀rẹ̀ bò. Ìgbà tí mo fi máa jáde, Màmá nìkan ló ń fi ìró wọn kó kòkó, àgbàrá ti ń gbé òmíràn lọ. Ohun kan ṣoṣo tó gbẹ ní gbogbo iwájú ilé yẹn ni kọ̀ǹpútà mi, tó wà lábẹ́ ọ̀rá.

Òjò ò tíì dá tán tí Bàbá Ṣeun fi dé. Wọ́n wo kòkó tó tutù, wọ́n wo Màmá.

“Ìyàwó wa, ta ló fi kòkó sílẹ̀ fún òjò?”

“Èmi ni,” ni Màmá wí. Wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo mọ̀ pé oko náà ń lọ nìyẹn. Ìtìjú fẹ́ pa mí lẹ́nu mọ́, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, àmọ́ mo dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Bàbá, wọ́n mọ̀ pé òjò ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní ká kó o. Èmi ni mo dá wọn dúró.”

Wọ́n bi mí pé kí ni mo fi dá wọn dúró. Mo gbé kọ̀ǹpútà wá, mo ṣàlàyé ìkùukùu, mo ṣàlàyé rédà, mo fi ìlà tó lọ sí Èkìtì hàn wọ́n. Bàbá Ṣeun ò kàwé. Wọ́n ní kí n fi ibi tí òjò wà nígbà tí mo wò ó han àwọn, mo fọwọ́ kan róbótó náà. Wọ́n fi ìka tọ ìlà yẹn dé Èkìtì.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti rí ẹni tó ń rìn tí ipa ẹsẹ̀ ẹ̀ wà níwájú ẹ̀ rí?”

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Ibi tí ìjì ti ń bọ̀ ni ìlà náà ń sọ. Bàbá Ṣeun bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí àpótí mi. Wọ́n wá ní ẹni tó mọ òjò kí kọ̀ǹpútà tó mọ̀ ọ́n, ẹni yẹn tó oko bójú tó, àwọn ò ní í gbọ́ ọ̀rọ̀ gbígba oko mọ́. Wọ́n ní èmi ni kí wọ́n máa ṣọ́.

Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni mo fi wà ní Ìbòkun, tí mò ń fẹsẹ̀ tú kòkó láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, tí mò ń ṣa èyí tó bu kúrò, kó tó ṣeé gbé lọ sí Iléṣà. Láti ìgbà náà, kí n tó sọ ohun tí àwòrán wí fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ jáde síta lọ wo òkè.

Màmá sì ṣì máa ń pè mí bí wọ́n bá fẹ́ sá kòkó, wọ́n á ní kí ni kọ̀ǹpútà wí lónìí. Bí mo bá ní òjò ò ní rọ̀, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á ṣàdúrà fún mi dáadáa, mo sì máa ń gbọ́ ọ lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń ká ẹní. Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?