Bí Mo Ṣe Nu Epo Kúrò Lójú Àwọn Òyìnbó

Títí wọn yóò fi sin mí, ọjọ́ tí mo gbé fọ́tò mẹ́ta lọ sí Àpápá kò ní kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń jẹun, ńṣe ni mo máa ń gbé òkèlè sílẹ̀ ná.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe ní Ajégúnlẹ̀. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa yóò mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀, omi kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó máa ń bá fọ́tò àwọn òbí wa nínú àpótí, á sì sọ ọ́ di dúdú. Èmi ni wọ́n ń gbé e wá bá. Màá fi kọ̀ǹpútà nu gbogbo ìdọ̀tí náà kúrò. Ibi tí ojú bá ti bàjẹ́ pátápátá, màá yá ti ẹlòmíràn lò. Bàbá tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, màá wọ agbádá fún un. Àwọn ọmọ á máa sunkún, wọ́n á ní bàbá àwọn gan-an nìyí. Ìyìn yẹn ti wá gùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Lásìkò yẹn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Múínátù ni mo fẹ́ fi ṣaya. Bàbá wọn ti kú, nítorí náà ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bùrọ̀dá Wàsíù, ni ọ̀rọ̀ wà. Bùrọ̀dá Wàsíù ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ kan tó ń tọ́jú epo sínú táǹkì ńláńlá ní Àpápá. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í purọ́. Ó ti sọ fún àbúrò rẹ̀ pé òun kò tíì rí ọkùnrin tó ń fi àwòrán nínù bọ́ ìyàwó. Àfi bó ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àpò ìwé lọ́wọ́. Ó ní àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà tó fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ àwọn da òwò pọ̀ ń bọ̀, fọ́tò àtijọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Kí n sọ ọ́ di ńlá, kí n fi fírémù sí i, kí wọ́n lè gbé e kọ́ sí yàrá àlejò.

"Tún un ṣe dáadáa o," ló wí. "Tí iṣẹ́ yìí bá dára, wá bá mi nílé, ká jọ sọ̀rọ̀ Múínátù."

Ó yẹ kí n bi í pé fọ́tò kí ni. N kò bi í. Ta ló ń da ìbéèrè bo àna lójú?

Nígbà tí mo kó wọn jáde, àánú àwọn òyìnbó ṣe mí. Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, ọkùnrin mẹ́fà dúró níwájú ilé gogoro onípákó kan, wọ́n gbójú sókè, wọ́n la ẹnu. Nǹkan dúdú kan tú jáde láti orí ilé náà, ó bo ìdajì ojú ọ̀run, ó sì bo àwọn ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀. Mo ní, àṣé omi ń wọlé ní Amẹ́ríkà náà.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣiṣẹ́. Mo nu dúdú náà kúrò lójú ọ̀run, mo fi ìkuukùu funfun méjì dípò rẹ̀. Mo fọ aṣọ wọn, mo lọ̀ ọ́, mo wọ bàtà dídán fún wọn. Adágún dúdú kan wà nínú fọ́tò kejì. Mo sọ ọ́ di koríko tútù. Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Ilé gogoro bí ogún, kò sí ọ̀kan tí wọ́n kan páànù sí. Mo gbà pé ọwọ́ wọn ni kò tó o. Mo bá wọn kan páànù sí gbogbo rẹ̀.

Ọkùnrin tó wà láàárín nínú fọ́tò àkọ́kọ́ ló fẹ́ dà mí láàmú. Nígbà tí mo nù ún tán, kò sí ojú lábẹ́ rẹ̀. Mo wá inú kọ̀ǹpútà mi títí, ojú tó bá orí náà mu jù ni ti Bùrọ̀dá Wàsíù, nínú fọ́tò pélébé tí mo yà fún un lọ́dún tó ṣáájú. Mo mú imú, mo mú ètè, mo mú àgbọ̀n, mo sọ wọ́n di funfun. Wọ́n jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí.

Nígbà tó di ọjọ́ àlejò, àwọn tírélà ti dí gbogbo ọ̀nà Àpápá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Mo kó fírémù sínú ọmọlanke, a ń gba àárín wọn kọjá. Atẹ́gùn ṣí aṣọ tí mo fi bò wọ́n, ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke wo àwọn tó gbójú sókè náà, ó ní, "Oga, na which church be this?" Inú mi dùn. Mo rò pé ìyìn ni.

Wọ́n ní àlejò ló máa ṣí aṣọ lójú fọ́tò, nítorí náà Bùrọ̀dá Wàsíù kò rí nǹkan kan títí gbogbo èèyàn fi pé. Òyìnbó náà ti darúgbó, ó ga, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ṣí ìkíní, ó ṣí ìkejì, ó ṣí ìkẹta. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

"Fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì la fún yín," ló wí jẹ́jẹ́. "Epo dà?"

"Mo ti nù ún, Mà," ni mo fi ìgbéraga dáhùn. "Kò tiẹ̀ fẹ́ lọ bọ̀rọ̀."

Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ara mi ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ojú tì mí débi pé etí mi ń hó. Bùrọ̀dá Wàsíù di ògiri mú. Mo rí i kedere pé Múínátù ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Òyìnbó náà béèrè ohun tí àwọn ọkùnrin náà ń wò lókè. Bùrọ̀dá Wàsíù tí kì í purọ́ wú ikọ́, ó ní àdúrà ni wọ́n ń gbà.

Òyìnbó náà kò gbọ́ ọ mọ́. Ó ti fi ìka kan ọkùnrin àárín, omi ti lé sí i lójú. Ó ní bàbá bàbá òun nìyẹn. Ó ní gbogbo fọ́tò rẹ̀ tí àwọn ní, epo ló bò ó lójú, òun kò rí ojú rẹ̀ rí láyé òun. Ó ní ká wo imú yẹn, ó ní imú ìdílé àwọn ni. Ó wá kọjú sí wa kí a lè wo tirẹ̀. Tirẹ̀ rí ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́.

Bùrọ̀dá Wàsíù sún mọ́ fọ́tò náà, ó wò ó pẹ́. Ó rọra gbọ́wọ́ sókè, ó fi kan imú ara rẹ̀. Ó yíjú sí mi. Mo lanu láti jẹ́wọ́, ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Òyìnbó náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kò yé òun, ó jọ pé àwọn ti pàdé rí níbì kan.

Ó gbé fọ́tò náà lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n dá méjì yòókù padà fún mi, mo ṣí gbogbo páànù tí mo kàn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo da epo padà sáyè rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo lọ dọ̀bálẹ̀ nílé Bùrọ̀dá Wàsíù. Ó jẹ́ kí n wà nílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ẹni tó fi imú mi ṣe bàbá àgbà fún òyìnbó," ló wí, "ojú mi gbọ́dọ̀ máa tó o. Dìde. Sọ fáwọn èèyàn ẹ kí wọ́n wá tọrọ ọmọ."

Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn àgbà ti wí i, èmi ni n kò gbọ́. Lónìí, bí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́tò wá, ohun tí mo máa kọ́kọ́ béèrè ni pé kí ni dúdú tó wà níbẹ̀ yẹn. Àmọ́ ti àtẹ̀yìnwá ti bọ́. Lọ́dọọdún ni òyìnbó náà máa ń fi káàdì ránṣẹ́ sí Bùrọ̀dá Wàsíù, bàbá àgbà rẹ̀ ló máa ń wà lára rẹ̀, tòun ti bàtà dídán. Èyí tó dé kẹ́yìn, ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ rí i. Òun náà gbé imú yẹn wáyé láti ìdílé ìyá rẹ̀. Ó wo káàdì náà títí, ó ní, "Dádì, ṣé a ní ẹbí ní Amẹ́ríkà ni?"

Mo wo Bùrọ̀dá Wàsíù, ó wo òrùlé. Mo sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ògiri, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí.