Ìbọ̀sẹ̀ Tí Mo Wọ̀ Lọ Kí Àna Mi

Ojú ti tì mí lọ́pọ̀ ìgbà láyé mi, mo sì ti gbàgbé èyí tó pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé tí mo wọ ìbọ̀sẹ̀ dúdú gígùn lọ kí bàbá ìyàwó mi ní Òde-Omi, ìyẹn ò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi sin mí. Bí mo bá rántí rẹ̀ níbi tí mo ti ń fọ eyín láàárọ̀, ńṣe ni mo máa ń pariwo mọ́ ara mi nínú balùwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ìka mẹ́fà ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún mi. Ẹ̀kẹfà yẹn kò tóbi. Ó kàn dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín bí àlejò tó wá kí ènìyàn tí kò padà sílé mọ́. Ilé wa ni wọ́n ti ń bí i. Bàbá mi ní tiwọn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi òwú so ó já nígbà tí wọ́n wà ní jòjòló, kókó kékeré kan ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní i lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Àbúrò mi ọkùnrin kò ní i rárá, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, títí ìyàwó rẹ̀ fi bí ọmọ tó ní i lọ́wọ́ méjèèjì, ni ẹnu rẹ̀ bá pa mọ́. Ohun kan náà la jọ jogún, bó ṣe wù ú ló ń yọ lára oníkálukú. Ìyá bàbá mi kì í tiẹ̀ fi orúkọ tí wọ́n sọ mí pè mí. Olúgbódi ni wọ́n ń pè mí, orúkọ tí wọ́n máa ń fún ọmọ tó bá gbé irú ìka bẹ́ẹ̀ wáyé.

Ohun tó wá burú níbẹ̀ ni pé tíṣà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bàọ́lọ́jì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọdọọdún la máa ń dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ nípa àjogúnbá. Màá ya bàbá àti ìyá sójú pátákó, màá sọ ìdí tí etí ọmọ kan fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí ti èkejì fi rọ̀, àti bí òbí dúdú méjì ṣe lè bí ọmọ pupa. Màá wá fi ohùn àlùfáà kéde pé kò sí èyí tó jẹ́ ìtìjú nínú wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan nawọ́.

"Sà, ṣé ẹ ti rí ẹni tó ní ìka mẹ́fà rí?"

Mo wò ó lójú, mo ní, "Nínú ìwé." Ẹsẹ̀ mi wà nínú bàtà lábẹ́ tábìlì, ó ń gbọ́ mi. Àwọn ọmọ yẹn tiẹ̀ ti sọ mí ní Tíṣà Oníbọ̀sẹ̀, nítorí oòrùn ì báà máa jó ilẹ̀, mi ò jẹ́ wọ sálúbàtà.

Yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti pàdé Rófíà. Nígbà tó bi mí ìdí tí mi ò fi ń bọ́ ìbọ̀sẹ̀, irọ́ tó kọ́kọ́ wá sẹ́nu mi ni mo pa. Mo ní nǹkan kan ń ṣe mí lẹ́sẹ̀, pé dókítà ní atẹ́gùn ò gbọdọ̀ fẹ́ sí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Àṣé ọmọ náà ti gbé ẹsẹ̀ mi sọ́kàn. Nígbà tá a ti fẹ́ra fún ọdún méjì, tó sì tó àkókò kí n lọ fojú han bàbá rẹ̀ kí wọ́n lè gbà pé kí n fẹ́ ẹ, ó ti ṣáájú sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú bí mi ò bá bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ ọ̀hún ò tíì san. Ẹ̀yin náà ẹ ro ohun tí bàbá ọmọ máa rò sí ẹsẹ̀ tí kò san fún ọdún méjì.

Mọ́tò gbé wa dé etí ọ̀sà, ibẹ̀ la ti máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Omi ti fà lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ò lè sún mọ́ ilẹ̀. Gbogbo ènìyàn ń bọ́ bàtà, wọ́n ń ká ṣòkòtò, wọ́n ń fẹsẹ̀ wọ́ omi lọ bá a.

Ọlọ́kọ̀ wò mí. "Bọ̀dá, wẹ bọ́ bàtà yẹn o. Ẹrẹ̀ ibí yìí kì í dá nǹkan padà."

"Má ṣèyọnu," mo ní, "bó ṣe wà yìí náà ló tẹ́ mi lọ́rùn."

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ẹrẹ̀ gba bàtà ọ̀tún mi. Mo tẹ̀ ba, mo ki ọwọ́ bọ inú ẹrẹ̀ dé èjìká, bàtà tí mo rà nítorí ọjọ́ yẹn ti lọ. Rófíà na ọwọ́ sí mi látinú ọkọ̀. "Fi sílẹ̀," ló ní, "ṣáà má jẹ́ kí omi wọ ojú ibi tó ń dùn ẹ́." Mi ò tiẹ̀ rántí mọ́ pé ibì kan ń dùn mí.

Agbẹ́kọ̀ ni bàbá Rófíà, igi ńláńlá ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ la ti bá wọn, àwọn àti àbúrò wọn obìnrin, Àǹtí Sáfú, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó gbé báàgì dúdú kan lé ẹsẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ òsì, ìbọ̀sẹ̀ tó ń ro omi wà lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Bàbá ò wo ojú mi rárá, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń wò.

Kí a tó sọ̀rọ̀ jìnnà, wọ́n pe ìrun Àlàásárì. Wọ́n gbé bútà fún mi.

"Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ yẹn, kó o ṣe àlùwàlá," ni bàbá wí.

"Arìnrìn-àjò ni mí, sà. Wọ́n gba arìnrìn-àjò láyè kó fi omi pa ìbọ̀sẹ̀ lórí."

"Wọ́n gbà á láyè." Bàbá tún wò ó. "Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ yìí ńkọ́, ibo ló kù lára rẹ̀ tí omi ò tíì dé?"

Mo fi omi pa á náà, ojú ò tì mí. Ní mọ́sálásí, ọkùnrin tó dúró lápá ọ̀tún mi fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan tèmi kí ìlà lè gún. Mo yẹ ẹsẹ̀, ó tún sún mọ́ mi, mo tún yẹ ẹ́. Kí a tó tẹ̀ ba fún rúkúù, mo ti ti gbogbo ìlà wa sí òsì, ẹni tó wà lópin ti fara gbá ògiri. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n kọ fún mi lórí ìrun yẹn.

A padà sábẹ́ àtíbàbà. Wọ́n ní kí n jókòó lórí ìtì igi kan, ni bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ilé wa. Mi ò mọ̀ pé ìjàlọ ń kọjá lábẹ́ ìtì igi náà.

"Ṣé wárápá wà nílé yín?"

"Kò sí, sà." Àkọ́kọ́ ti wọ inú ìbọ̀sẹ̀.

"Wèrè ńkọ́?"

"Kò… yéè… kò sí, sà."

"Ẹ̀tẹ̀?"

Ibẹ̀ ni gbogbo ìjàlọ náà ti pawọ́ pọ̀ bù mí jẹ. Mo fò sókè, mo kígbe, mo ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ láàárín èérún igi. Àǹtí Sáfú ti ṣí báàgì, ó ti wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ti mú òwú àti oògùn apakòkòrò jáde. "Ẹ bá mi dì í mú!" ló ní. Àwọn méjì tó ń bá bàbá gbẹ́ ọkọ̀ gbé mi kalẹ̀, Àǹtí sì fa ìbọ̀sẹ̀ yọ.

Àǹtí ka ìka mi. Ó tún un kà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí egbò níbí o. Ìka ni, ọ̀kan ló fi lé."

Bàbá súnmọ́ ọn, wọ́n wò ó bí wọ́n ṣe ń wo igi. "Èyí nìkan?"

"Èyí nìkan, sà."

"Bí ènìyàn bá gbé igi wá fún mi, tó wá fi ẹrẹ̀ dí ojú kan, mo máa ń rò pé kòkòrò ti jẹ ibẹ̀ tán. Látìgbà tí Rófíà ti sọ ọ́ fún mi ni mo ti ń ro ẹ̀tẹ̀ sí ọ. Kódà lójú oorun, mò ń rò ó." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Tèmi ò le. Ẹsẹ̀ rẹ dára. Bi Rófíà."

Rófíà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìka kékeré yẹn, omi ti lé sí i lójú.

"Ọdún méjì," ló ní. "Gbogbo Àtìní, gbogbo Àlàmísì, mò ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run wo ẹsẹ̀ yẹn sàn. Kò sì sí nǹkan tó ṣe é."

Ìyẹn dùn mí ju ìjàlọ lọ. Mo rántí gbogbo ọ̀sán Àlàmísì tó máa ń ní kò wu òun jẹ, tí màá fa abọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, màá sì jẹ ẹran rẹ̀ mọ́ tèmi. Ó wọlé lọ. Èmi nìkan ni mo padà wọ ọkọ̀, pẹ̀lú bàtà kan.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni kò gbé ìpè mi. Lọ́jọ́ kẹwàá ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ pé bí mo bá ṣì fẹ́ òun, kí n máa wọ sálúbàtà lọ síléèwé, kí n sì gba gbogbo ààwẹ̀ yẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbà. Àlùfáà àdúgbò wa ní kò sírú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀sìn. Rófíà ní òun ò bi àlùfáà. Wọ́n so yìgì wa lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó fi ọ̀kan jì mí.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò gùn. Láti ìgbà bàbá bàbá mi, ìka mẹ́fà ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan nílé wa. Irọ́ tí mo fi bò ó ló fi ebi pa ènìyàn méjì.

Àlàmísì ni òní. Ó ku ààwẹ̀ méjìlélógún. Rófíà ń dín ẹja nílé ìdáná, òórùn rẹ̀ sì ti gba gbogbo ilé. Mo ké sí i pé kó bá mi fi méjì pamọ́ de ìgbà tí mo bá ṣínu. Ó ní ọ̀kan ló kù, òun sì ti ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rín pa mí, bí ẹnu mi ṣe gbẹ tó.