Apá Irin Dókítà Adéjọbí

Ní Okitipupa, lọ́dún 1998, bí o kò bá kí Dókítà Adéjọbí ní "Ọ̀bẹ Òyìnbó, Afọ̀bẹ-ṣoge", kò ní dá ọ lóhùn. Agbádá ńlá ló máa ń wọ̀ káàkiri ọsibítù rẹ̀. Gbogbo ìlú mọ̀ pé ìpá ló ń fi í bò, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Ó ti kà á nínú ìwé ìròyìn òkèèrè kan pé róbọ́ọ̀tì ti ń ran àwọn oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́. Ó fo "ràn lọ́wọ́" kọjá bí ẹni fo ẹrẹ̀. Ó ra apá irin kan nílé iṣẹ́ epo tó ti kógbá sílé, ó kùn ún ní funfun, ó so gílóòbù pupa mọ́ ọn lórí. Ète rẹ̀ kò le. Bí aláìsàn bá ti sùn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi là á, yóò sì gba owó róbọ́ọ̀tì.

Oko ọ̀pẹ Jẹ́jẹ́lọlá l'Óde-Ayé ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lójú. Ìpá ń da ọkùnrin náà láàmú, kò sì ní ohun mìíràn láyé ju oko yẹn lọ. Dókítà ní kó fi oko náà san owó iṣẹ́ abẹ, kí ẹ̀rọ wo ìpá rẹ̀ sàn.

Lọ́jọ́ ìṣíde ẹ̀rọ náà, àwọn àgbà, àwọn tíṣà àti àwọn aláṣọ funfun ìjọ Aládùúrà pé síwájú ọsibítù.

"Ayé ọwọ́ ènìyàn ti kọjá," ni Dókítà wí. "Ẹ̀rọ yìí ń dá a ṣe ni. Tíì ni èmi yóò máa mu."

Jẹ́jẹ́lọlá ti ti àtàǹpàkò bọ yíǹkì kó lè tẹ ìwé oko nígbà tí Àrìnkẹ́, ìyàwó rẹ̀, kúnlẹ̀. Ó ní àwọn dúpẹ́, ṣùgbọ́n nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

"Dókítà, ohun tó ń ṣe ọkọ mi ń ṣe ẹ̀yin náà. Ẹ bá wa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

Àwọn àgbà mi orí. Ẹnì kankan kò rẹ́rìn-ín. Dókítà ní iná lè lọ. Wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ ń dún. Ó ní òun ti jẹun. Wọ́n ní àwọn lè sùn síbẹ̀ dọ̀la. Òógùn bò ó.

"Bí mo bá sùn, ta ni yóò wá là mí?"

"Ẹ̀rọ ni, sà," ni Àrìnkẹ́ fèsì pẹ̀lẹ́.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì pé aláìsàn tó bá ń ṣojo, gbígbé ni kí wọ́n gbé e. Wọ́n gbé e. Agbádá ká sókè, ohun tí ìlú kò fi ẹnu sọ sì hàn lọ́sàn-án gangan. Wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ apá irin. Irin náà dún kẹẹ, gílóòbù pupa tàn.

Igbe Dókítà dé ibùdókọ̀:

"Ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi pe dókítà!"

Jẹ́jẹ́lọlá rọra fi etí ṣòkòtò nu yíǹkì kúrò ní àtàǹpàkò rẹ̀.