Àlàájà Lọ Wádìí Àna ní Óbidos

Ní ọjà ẹja Youpwè ní Kamẹrúùnù ni, nídìí ààrò tí Kàbírátù ti ń yan ẹja, tó ń fi fìlà búlúù kan fẹ́ iná, fìlà tí wọ́n fi òwú funfun ya ẹja sí níwájú. Àlàájà Labeebah, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní ọjà Nkololoun, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀ Potogí dé. Òun ni wọ́n bẹ̀ kó yọ́ lọ wádìí ìdílé Duarte, ọmọ òyìnbó tó gba Ìsìláàmù, tó fẹ́ fẹ́ Àmírát ọmọ Kàbírátù. Àmírát máa pè lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Àsárì láti gbọ́ bóyá wọ́n gbà tàbí wọn ò gbà.

"Ẹ káàbọ̀, Àlàájà. Ẹ jókòó síbi tí èéfín ò ti ní bá yín. Báwo ni ìlú àna wa?"

"Óbidos ni wọ́n ń pè é. Ìlú kékeré ni, ìlú àtijọ́. Odi ló yí i ká, odi gàgàrà."

"Ta ni wọ́n ń bá jà?"

"Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ogun yẹn ti tán láyé àwọn baba ńlá wọn."

"Kí ló dé tí wọn ò wó o?"

"Orí ẹ̀ ni wọ́n ń rìn. Kò sì síbi tí èèyàn lè dì mú. Èmi náà rìn ín díẹ̀. Ìdí ni mo fi rìn ín."

Kàbírátù yí ẹja kan padà.

"Ọba wọn kan láyé ọjọ́un," Àlàájà ní, "gbogbo ìlú yẹn ló fi ta ìyàwó ẹ̀ lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó."

"Kí ni Duarte fẹ́ fún Àmírát?"

"Ó ní kẹ̀kẹ́ kan."

"Ṣé kẹ̀kẹ́ náà ní aago?"

"Mi ò tẹ̀ ẹ́ wò."

"Oúnjẹ wọn ńkọ́?"

"Ife kéékèèké kan wà tí wọ́n fi ń mu ọtí. Ṣokoléètì ni wọ́n fi ṣe ife ọ̀hún. Tí wọ́n bá mutí tán, wọ́n á jẹ ife."

"Àlàájà, ẹ mutí."

"Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́. Ife lásán ni mo ní kí wọ́n fún mi. Mo jẹ ife mẹ́rin."

"Donc, ìyẹn ni pé Àmírát ò ní máa fọ abọ́."

"Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀. Mo kà á sí dáadáa fún wọn."

"Ìwádìí gan-an wá ńkọ́? Ṣé kò sí olè nínú ìdílé? Ṣé kò sí wèrè?"

Àlàájà tún ìborùn rẹ̀ wé.

"Mo dúró lẹ́nubodè, Muzzammil ọmọ mi ń bá mi túmọ̀. Mo bi ọkùnrin kan bóyá ó mọ ilé Duarte, kò mọ̀ ọ́n. Mo bi obìnrin kan, kò mọ̀ ọ́n. Mo bi odindi agbo èèyàn tó dé fìlà kan náà, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó mọ̀ ọ́n."

"Wọn ò mọ̀ ọ́n nílùú ara ẹ̀? Àlàájà, ọ̀rọ̀ yìí ò dáa."

"Ohun tí èmi náà wí nìyẹn, àfìgbà tí mo rí i pé àlejò ni gbogbo wọn. Àti Japan ni wọ́n ti wá wòran. Onílé tí mo kọ́kọ́ rí láàárọ̀ yẹn, ológbò ni. Muzzammil ló padà fi fóònù wá ilé náà rí, ẹnu ọ̀nà àna wa ni ológbò ọ̀hún jókòó sí."

"Ṣé ó sanra?"

"Ikùn ẹ̀ ń wọ́lẹ̀."

"Ìyẹn dáa. Ilé tí ológbò bá ti ń rí orí ẹja jẹ yó, ahun kọ́ ló ń gbébẹ̀."

"Ìyá Duarte ò sí nílé. Opó ni. Aládùúgbò ẹ̀ kan yọjú lójú fèrèsé, ó ní ìyá náà ti rìnrìn àjò lọ sí Kamẹrúùnù, kò sì sọ fún àwọn ọmọ. Mo ní Kamẹrúùnù tóbi."

"Kí ló wá ṣe níbí?"

"Ta ló mọ̀? Òyìnbó fẹ́ràn kìnnìún. Aládùúgbò yẹn fi fọ́tò ìyá náà hàn mí, mo yà á sínú fóònù. Wò ó."

Wọ́n jọ tẹjú mọ́ ọn. Ìyá àgbàlagbà kan ni, ó tẹ ọ̀pá, ó dé fìlà búlúù tí wọ́n fi òwú funfun ya ẹja sí. Àlàájà wo fọ́tò. Ó wo ọwọ́ Kàbírátù.

"Ìyàwó wa, níbo lo ti rí fìlà yìí?"

"Ìyá òyìnbó kan ló fún mi lánàá."

"Nítorí kí ni?"

"Ó fi kẹ́dùn ni."

"Ta ló kú?"

"Èmi."

Kàbírátù rọra gbé fìlà náà sílẹ̀.

"Òun àti ọkùnrin ògbufọ̀ kan ni wọ́n jọ wá. Ọkùnrin yẹn wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó há ìwé mọ́ abíyá, ó ní àwọn ń wá Kàbírátù ẹlẹ́ja. Àlàájà, bí ẹni tó múra báyẹn bá ń pe orúkọ yín nínú ọjà, kí lẹ máa sọ?"

"Agbowó-orí ni. Mo máa ní kò sí."

"Èmi náà ní kò sí. Ó ní ṣé ó máa pẹ́ kó tó dé. Mo ní ó máa pẹ́. Ó ní àwọn á dúró dè é. Ni mo bá ní ó ti kú."

"Kí ni ìyá náà ṣe?"

"Ó sunkún. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn ló jókòó sí, ó sunkún títí ó fi ṣe mí láàánú. Mo bá a sunkún. Ó wá ṣí fìlà orí ẹ̀, ó fi dé mi lórí."

"Òun náà wá wádìí wa nìyẹn."

"Àbí ẹ ò rí nǹkan."

Àlàájà mú fìlà náà, ó gbọn eérú kúrò lára ẹ̀. Epo ẹja ń kán sínú iná.

"Ìyàwó wa, ẹni tí kò rí ọ rí ló sunkún ẹ báyẹn. Ìwádìí ti parí. Ẹ jẹ́ ká fún wọn lọ́mọ."

"Mo gbà. Ta ló máa wá sọ fún un pé mo wà láàyè?"

Fóònù Kàbírátù dún lórí àpótí. Àmírát ni. Kàbírátù wò ó, ó wo Àlàájà, ó sì fi ìka kan tì í sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé e, Àlàájà. Òkú kì í gbé fóònù."